Ẹ Bá A Sọ Ẹrù Rẹ̀ Kalẹ̀

Ìtàn agbábọ́ọ̀lù kan ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣí ìwé kọjá kí ẹ sọ pé ti àwọn ọkùnrin ni. Nítorí àwọn tí ẹrù wúwo lórí wọn nínú ilé wa àti nínú ìjọ wa ni a ṣe kọ ọ́, àwọn tí ń béèrè àlàáfíà gbogbo ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í bi wọ́n pé, "Ìwọ náà ńkọ́?"

Gbogbo ẹni tí ó bá ti ru ẹrù lọ sí ọjà rí mọ ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹrù bá wúwo, ènìyàn kì í dá a gbé rù, kì í sì í dá a sọ̀. Ẹni tí ó bá a gbé e rù nílé lè má sí níbẹ̀ nígbà tí ó bá dé ọjà. Níbẹ̀ ni yóò ti dúró tí ọrùn yóò máa gbọ̀n, tí yóò máa wo ọ̀tún wo òsì, tí yóò sì ké sí ẹni tí ń kọjá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ ọ́." Ọ̀rọ̀ yìí kò ti alárù lójú. Èé ṣe tí ó fi wá ń ti àwa onígbàgbọ́ lójú?

ỌMỌ GLASGOW

Orúkọ agbábọ́ọ̀lù náà ni Kenny Dalglish. Ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland ni a bí i sí, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1951. Ẹgbẹ́ Rangers ni ó fẹ́ràn ní kékeré, ṣùgbọ́n Celtic, tí òun àti Rangers dà bí ológbò àti eku, ni ó mú un wọṣẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti di agbábọ́ọ̀lù iwájú tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1977, ẹgbẹ́ Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san 440,000 pọ́n-ùn láti rà á. Láàárín ẹgbẹ́ méjì ní ilẹ̀ Britain, wọn kò tíì san iye tó tó bẹ́ẹ̀ lórí agbábọ́ọ̀lù kan rí. Kevin Keegan tí gbogbo ará Liverpool fẹ́ràn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, Dalglish ni wọ́n sì ní kí ó wá dí àlàfo rẹ̀.

Ó dí i. Kí ọdún tó yípo, ní oṣù karùn-ún ọdún 1978, òun ni ó gbá góòlù kan ṣoṣo tí Liverpool fi borí Club Brugge ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní pápá Wembley, tí wọ́n fi gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù. Ó tún bá wọn gba ife yìí ní ọdún 1981 àti ní ọdún 1984. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà 102, ó sì gbá góòlù 30 wọlé fún wọn. Òun ni ọmọ Scotland àkọ́kọ́ tí iye rẹ̀ pé 100.

Kì í ṣe eré sísá ni ó fi gbayì. Ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, yóò fi ara bo bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ yóò sì ti rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń bọ̀ kí onítọ̀hún tó pè é. Ian Rush, tí góòlù rẹ̀ fún Liverpool kò lóǹkà, jẹ nínú ọbẹ̀ yìí dáadáa. Ẹ fi ìwà ọkùnrin yìí sọ́kàn: ó máa ń rí ohun tí ẹlòmíràn nílò kí onítọ̀hún tó béèrè. Ẹ̀bùn rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń di ẹrù lé lórí jù.

Ọ̀FỌ̀ LÓRÍ Ọ̀FỌ̀

Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí ó fi rí ikú ní pápá ìṣeré. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1971, nígbà tí Rangers àti Celtic ń parí eré wọn ní pápá Ibrox ní Glasgow, èrò wó lu ara wọn lórí àtẹ̀gùn, ènìyàn 66 sì kú. Dalglish kò sí nínú àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó wà ní pápá.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1985, Liverpool lọ pàdé Juventus ti ilẹ̀ Ítálì ní pápá Heysel ní ìlú Brussels. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan nínú àwọn alátìlẹ́yìn Liverpool ya lu àwọn tí wọ́n wá wo Juventus. Bí àwọn ènìyàn ti ń sá, ògiri wó. Ènìyàn 39 ni ó kú, ọmọ ilẹ̀ Ítálì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Dalglish wà nínú àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nítorí pé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Joe Fagan, ti pinnu láti fẹ̀yìntì, ọjọ́ kejì àjálù yẹn gan-an ni wọ́n kéde pé Dalglish ni yóò gba iṣẹ́ náà. Ẹni ọdún 34 ni nígbà náà, kò sì tíì fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀. Bí ó ti ń gbá a, bẹ́ẹ̀ ni ó ń darí àwọn tí ń gbá a.

Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ dùn bí oyin. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1986, òun fúnra rẹ̀ ni ó gbá góòlù tí Liverpool fi borí Chelsea, tí wọ́n sì fi gba ife líìgì. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà wọ́n na Everton 3-1, wọ́n tún gba ife-ẹ̀yẹ FA. Wọ́n tún gba líìgì ní ọdún 1988. Bí a bá fi ojú ènìyàn wò ó, kò sí ohun tí ó kù fún ọkùnrin náà láti wá ní ayé.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1989 dé. Ọjọ́ Sátidé ni. Liverpool lọ pàdé Nottingham Forest ní pápá Hillsborough ní ìlú Sheffield, nínú ìdíje tí ó kángun sí àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ FA. Èrò pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà kan tí ó há. Ọlọ́pàá pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ńlá kan kí èrò lè wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò dí ọ̀nà tí ó lọ tààrà sí àárín, níbi tí àwọn ènìyàn ti kún àkúnya láàárín ọgbà onírin. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò mọ̀ pé àwọn tí ó wà níwájú kò rí èémí mí. Nígbà tí aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, wọ́n dá eré dúró.

Ènìyàn 97 ni ó bá ọjọ́ yẹn lọ. Ẹni tí ó kẹ́yìn nínú wọn lo ọdún 32 lórí àìsàn ọgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 2021. Ẹni tí ó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Wọ́n di ẹ̀bi ru àwọn òkú fún ìgbà pípẹ́, àfi ìgbà tí ó di oṣù kẹrin ọdún 2016 tí àwọn ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ní ilé ẹjọ́ ìwádìí ikú sọ pé pípa ni wọ́n pa wọ́n lọ́nà tí kò bófin mu, àti pé àwọn èrò ìwòran kọ́ ni wọ́n fà á. Ọdún 27 gbáko ni àwọn òbí fi ń wá òtítọ́ yìí kiri.

ẸNI TÍ Ó Ń TU GBOGBO ÈNÌYÀN NÍNÚ

Ọmọkùnrin Dalglish wà ní pápá náà lọ́jọ́ yẹn. Àyà bàbá já títí ojú rẹ̀ fi rí ọmọ náà láàyè. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin mọ irú ìmọ̀lára bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́ yóò kún inú rẹ, ojú yóò sì máa tì ọ́ pé ọpẹ́ kún inú rẹ, nítorí pé ọmọ ẹlòmíràn kò padà wálé.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ṣí pápá Anfield sílẹ̀ fún àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń gbé òdòdó sílẹ̀ lórí koríko pápá títí tí òdòdó fi bo ibi púpọ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹbí òkú ń wá sí inú ilé ẹgbẹ́ náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn ìyàwó wọn sì ń jókòó tì wọ́n, wọ́n ń fún wọn ní tíì, wọ́n ń bá wọn sunkún. Dalglish àti Marina ìyàwó rẹ̀ ni ó ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ní Sheffield láti wo àwọn tí ó fara pa. Ó sapá kí ẹnìkan láti inú ẹgbẹ́ náà lè wà níbi ìsìnkú kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí ìsìnkú púpọ̀, ọjọ́ kan sì wà tí ó lọ sí mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìsìnkú mẹ́rin ní ọjọ́ kan. Pásítọ̀ tí ó bá ti ṣe ìsìnkú ọ̀dọ́ kan ṣoṣo rí mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ó bá délé. Oúnjẹ kì í lọ. Ohùn ìyá òkú a máa dún létí. Dalglish kì í ṣe pásítọ̀, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní bí a ti ń ṣe é. Agbábọ́ọ̀lù tí ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, ọdún 38 ni, ó sì ní ìdíje láti lọ bá pàdé.

Ìdíje náà kò dúró dè é. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1989, Liverpool borí Everton 3-2, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ FA. Ní ọjọ́ kẹfà sí i, Arsenal na wọ́n 2-0 ní Anfield, góòlù kejì wọlé nígbà tí eré fẹ́ parí pátápátá, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ gba líìgì mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 1990, Dalglish tún gba líìgì padà. Àwọn ènìyàn rí ife, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọn kò rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ aṣọ.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ tó sọ ọ́ fún aráyé. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í sú sí i lára. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Àwọn ìpinnu tí ó máa ń ṣe láìronú lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀ di òkè ńlá lójú rẹ̀. Ó ti jókòó ti gbogbo ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ tirẹ̀ wà nínú rẹ̀ níbi tí ó tì í mọ́.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1991, Liverpool pàdé Everton nínú ìdíje FA. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Liverpool ṣíwájú, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Everton dá a padà. Eré náà parí sí ọ̀mì 4-4. Dalglish sọ lẹ́yìn náà pé òun rí ohun tí ó yẹ kí òun tún ṣe nínú ìtò àwọn agbábọ́ọ̀lù òun, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣe é. Ọgbọ́n kò tán nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì fọ́. Agbára láti pinnu ni ó ti tán. Ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn eré náà, ọjọ́ 22 oṣù kejì, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Liverpool ni ó wà lókè líìgì nígbà náà.

Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ní ohun mìíràn tí ó fi pa mọ́. Ta ni í fi ẹgbẹ́ tí ó wà lókè téńté sílẹ̀? Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

ÈYÍ TÍ A KÀ NÍNÚ ÌWÉ MÍMỌ́

Bí Dalglish bá jẹ́ ọmọ ìjọ wa, kí ni à bá sọ fún un? Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè láìtan ara wa. Ṣé a kò ní sọ pé kí ó gbààwẹ̀ sí i? Ṣé àwọn kan kò ní sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó rọ̀, tàbí pé ẹni tí Ọlọ́run pè kì í rẹ̀?

Ẹ ṣí ìwé 1 Àwọn Ọba orí 19. Èlíjà ṣẹ̀ṣẹ̀ pe iná sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run ni. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò ní ìgbàgbọ́. Síbẹ̀, ó sá lọ sí aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí òun kú. Kí ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i? Kò fi ìbáwí ránṣẹ́. Ó jẹ́ kí ó sùn. Áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi. Ó tún sùn, áńgẹ́lì tún bọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí ni Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀, ó sì fún un ní Èlíṣà kí ó má baà nìkan ṣiṣẹ́ mọ́. Oorun, oúnjẹ, ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àti olùrànlọ́wọ́. Bí Ọlọ́run ti tọ́jú wòlíì rẹ̀ nìyẹn.

Ní Ẹ́kísódù orí 17, ọwọ́ Mósè rẹ̀ lórí òkè, Árónì àti Húrì sì gbé ọwọ́ náà ró títí oòrùn fi wọ̀. Ní orí 18, Jẹ́tírò, bàbá ìyàwó rẹ̀, wo bí Mósè ti ń dá gbọ́ ẹjọ́ gbogbo ènìyàn láti àárọ̀ di alẹ́, ó sì sọ fún un gbangba pé ohun tí ó ń ṣe yìí kò dára, yóò pa òun àti àwọn ènìyàn náà lára. Ẹ kíyèsí i pé Mósè kò bínú. Kò sọ pé, "Kí ni àna mi mọ̀ nípa ìpè mi?" Ó gbọ́, ó sì pín iṣẹ́.

Ẹ tún wo Gálátíà orí 6. Ní ẹsẹ 2, Pọ́ọ̀lù ní kí a máa bá ara wa ru ẹrù. Ní ẹsẹ 5, ó ní olúkúlùkù ni yóò ru ẹrù tirẹ̀. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ta ko ara wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ, ọmọ rẹ, ìdáhùn rẹ níwájú Ọlọ́run, tìrẹ ni, a kò lè bá ọ rù ú. Ṣùgbọ́n ẹrù kan wà tí ó ju ọrùn kan lọ. Ọ̀fọ̀ odidi ìlú kò lè wà lórí ọkùnrin kan. Ọ̀ràn ìjọ kan kò lè wà lórí pásítọ̀ nìkan. Owó ilé ìwé àbúrò mẹ́fà kò yẹ kí ó wà lórí dáódù tàbí bẹ̀ẹ́rẹ̀ nìkan, kí a sì máa pè é ní ojúṣe àkọ́bí. Ẹni tí ó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dání láìké sí ẹnìkan kò ṣe ju ti Mósè lọ.

Àwọn baba wa ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń pa ọ̀pọ̀ lára. Obìnrin kan yóò máa tọ́jú ìyá ọkọ tí ó wà lórí àìsàn, yóò máa tajà, yóò máa kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, yóò sì máa dáhùn pé, "Ó dára, ògo ni fún Ọlọ́run," títí ọjọ́ tí yóò fi ṣubú. Ojú ń tì í láti sọ pé ó rẹ òun. Ẹ̀yin ará, fífi ẹrù sọ kalẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sín. Ẹ̀sín ni kí a máa wo ọrùn ẹni tí ń gbọ̀n, kí a máa pàtẹ́wọ́ fún un.

OHUN TÍ ILÉ ÀTI ÌJỌ LÈ ṢE

Èkíní, ẹ máa wo àwọn tí kì í ráhùn. Bí ẹni tí ó máa ń pinnu kíákíá kò bá lè pinnu ohun kékeré mọ́, bí ẹlẹ́rìn-ín bá di oníbìínú, bí oorun bá dá lójú ẹni, bí ara bá ń ṣe ségesège láìsí ìdí, ẹ má fi ẹnu lásán kí i. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé "Ó dára" ni yóò kọ́kọ́ dáhùn.

Èkejì, ẹ fún un ní ìsinmi kí ó tó di pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Dalglish ti sọ pé nígbà tí ara òun balẹ̀ díẹ̀, bí Liverpool bá pe òun padà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1991 náà, òun ìbá padà. Wọn kò pè é. Oṣù mélòó kan péré ni ó nílò. Ìjọ mélòó ni ó ti pàdánù òṣìṣẹ́ rere nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé, "Lọ sinmi, a ó di ipò rẹ mú dè ọ́"? Jésù Olúwa wa fúnra rẹ̀, ní Máàkù orí 6, pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ibi ìdákẹ́ láti sinmi, nígbà tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò rí ààyè jẹun.

Ẹ̀kẹta, ẹ pín iṣẹ́ ní ilé. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ wo ohun tí aya yín ń ṣe láti ìdájí di òru, kí ẹ sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó bẹ̀ yín. Ẹ̀yin aya, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín lè sọ pé ẹ̀rù ń ba òun láìjẹ́ pé a fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́la. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe dá ẹ̀gbọ́n yín dá àwọn òbí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ya dókítà nípa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọ̀sẹ̀ bá ń gorí ọ̀sẹ̀ tí ara kò balẹ̀, ẹ mú ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà kì í bá àdúrà jà. Bí ẹnìkan bá sì sọ bíi ti Èlíjà pé ó sàn kí òun kú, ẹ má ṣe bá a wí, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ wá ìrànlọ́wọ́ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ̀karùn-ún, sí ẹ̀yin tí ẹrù wà lórí yín: ẹ lanu. Ẹni tí ń kọjá kò mọ̀ pé o fẹ́ sọ̀ ọ́ bí o kò bá ké. Wá ẹnìkan tí ó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́, kí o sì sọ fún un.

KÒ PARÍ SÍBẸ̀

Àwọn kan rò pé iṣẹ́ Dalglish ti tán ní ọdún 1991. Kò tó ọdún kan tí ó fi padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Blackburn Rovers, ẹgbẹ́ tí kò sí nínú ìpele gíga jù lọ. Ní ọdún 1992 ó mú wọn gòkè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1995 ó mú wọn gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọn kò ṣe mọ́ láti ọdún 1914. Ẹ sì wo ibi tí ọjọ́ tí ó kẹ́yìn bọ́ sí: pápá Anfield ni. Liverpool na Blackburn 2-1, ṣùgbọ́n nítorí pé Manchester United ta ọ̀mì níbòmíràn, Blackburn ni ó gba ife. Àwọn ará Liverpool tí ó fi sílẹ̀ ní ọdún mẹ́rin ṣáájú sì bá a yọ̀.

Gbogbo ọ̀nà rẹ̀ kò sì dán lẹ́yìn náà. Ó lọ sí Newcastle ní ọdún 1997, wọ́n dá a dúró ní ọdún 1998. Ó padà sí Liverpool ní oṣù kìíní ọdún 2011, ó gba ife Líìgì ní oṣù kejì ọdún 2012, wọ́n sì tún dá a dúró ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Àìsàn jẹjẹrẹ ọmú kọlu Marina ní ọdún 2003. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó dá ètò àánú sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń kó owó jọ fún ìtọ́jú àwọn alárùn jẹjẹrẹ ní ìlú Liverpool. Ní ọdún 2017 wọ́n fi orúkọ Dalglish pe apá kan pápá Anfield. Ní ọdún 2018 wọ́n fi oyè Sà dá a lọ́lá, kì í ṣe nítorí bọ́ọ̀lù nìkan, bí kò ṣe nítorí iṣẹ́ àánú àti ohun tí ó ṣe fún ìlú náà pẹ̀lú. Bí a bá bi àwọn òbí tí ó pàdánù ọmọ ní Hillsborough, kì í ṣe góòlù ni wọn yóò kọ́kọ́ fi rántí rẹ̀. Wọn yóò sọ pé ó wá.

Nítorí náà, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìjíròrò níbi àdúrà alẹ́. Ta ni ó ń ru ẹrù jù nínú ilé yìí? Nígbà wo ni a bi í léèrè kẹ́yìn? Kí ni a lè gbà kúrò lórí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí? Kí ẹ má sì dìde kí ẹ tó fẹnu kò sórí ohun kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Kí Olúwa tí ó bọ́ Èlíjà nínú aginjù bọ́ gbogbo ẹni tí ó rẹ̀ nínú wa. Kí ó fún àwọn pásítọ̀ wa ní Árónì àti Húrì. Kí ó la ojú wa láti rí ọrùn tí ń gbọ̀n, kí ó sì fún wa ní ọwọ́ tí yóò bá ọmọlàkejì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.